Ara kan ara lásán la ṣe o, kò wọlé rárá, ṣé èèyàn lè ti ibẹ̀ kó àrùn? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ gbà mí

#1 Ọmọ_Alárè
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orí mi ti fẹ́ dàrú. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba tó kọjá yìí, nígbà tí àwọn régbérégbé ti jó tán tí gbogbo èèyàn ń tú lọ, èmi àti ọmọbìnrin kan tá a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp tipẹ́ bá pàdé, ó sì tẹ̀ lé mi délé. A fẹnu kora, a dì mọ́ra, a jọ sùn mọ́jú, òun fọwọ́ kàn mí èmi náà fọwọ́ kàn án, omi ara mi dà sí i nítan. Ìyẹn náà ni. Kò wọlé, mo fi orí ìyá mi búra.

Àtọjọ́ yẹn ni oorun ti fò lọ. Mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV lọ́jọ́ kẹfà, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ sí kẹ́mísì kan, ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó kó Ampiclox lé mi lọ́wọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ 5 báyìí, ara ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, àwọn nǹkan kéékèèké sú jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ sí Google, ó ní ara sísú wà nínú àmì HIV. Ṣé ó ti wọ̀ mí lára nìyẹn?

#2 Ìkòkòrẹ́_Àná
Àwa lọ wo ẹṣin, ìwọ lọ gbé wàhálà wálé 😂 Ọ̀gá, fi orí ìyá ẹ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni màmá ṣe?

#3 Ọmọ_Ìjọ_Rẹ́mọ
Ẹ̀ṣẹ̀ a máa bí ikú. Ẹ ò gbéyàwó, ẹ jọ sùn mọ́jú, o wá ń bi wá bóyá o kó àrùn. Ronú pìwà dà kó o tó bi dókítà.

#4 Bàbá_Ìpẹru
Ọmọ_Ìjọ, ẹni tó já sínú kànga, okùn là ń jù sí i, a kì í bi í pé kí ló gbé e débẹ̀. Ìwàásù ní ọjọ́ tiẹ̀. Ọmọ_Alárè, dúró díẹ̀, nọ́ọ̀sì wa kan wà níbí tó máa ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí, ó máa yọjú tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

#5 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Mo ti dé o. Ẹ ṣeun Bàbá.

Àbúrò mi, jókòó, mu omi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo ẹ̀yìn ọdún ni mo máa ń gbọ́ ẹjọ́ tìẹ yìí, ẹ̀yìn Iléyá, ẹ̀yìn Kérésì, ohun tó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ló máa ń sáré wá, àwọn tó yẹ kó sáré wá á jókòó sílé wọn.

HIV kì í fò, kì í sì í rọ́ wọ ara. Inú àwọn omi kan ló ń gbé: ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi tó máa ń ṣáájú àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí, àti omi ọmú. Itọ́ ò sí níbẹ̀. Òógùn ò sí níbẹ̀. Omijé tó ò ń sun láti ọ̀sẹ̀ 5 yìí náà ò sí níbẹ̀. Tó bá sì tiẹ̀ wà nínú omi yẹn, ó ṣì gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀nà: inú ojú ara, inú ihò ìdí, ojú egbò tó ṣí sílẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ tó gbé e wọ inú iṣan. Awọ ara tó wà lódidi, ògiri tí wọ́n rẹ́ ni, kò gba ibẹ̀ kọjá. Tí omi náà bá sì ti bọ́ sí gbangba, tó ti ń gbẹ lórí aṣọ tàbí lórí itan, kò pẹ́ tí agbára ẹ̀ fi ń tán.

Wá wò ó dáadáa. Omi tó dà yẹn, tìẹ ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan máa bẹ̀rù níbẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ni, òun náà ò sì ní ohun tó máa fi kó HIV lórí itan. Ìwọ tìẹ wá ń sunkún lórí omi ara ẹ.

Ìbéèrè mi rèé, dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbo gan-an ló ń yún ẹ? Ìgbà wo ló ń le jù? Ta lẹ jọ ń gbé? Àti abẹ́rẹ́ kẹ́mísì yẹn, ṣé ojú ẹ ni wọ́n ṣe já a nínú ọ̀rá? Torí nínú gbogbo ìtàn tó o sọ, abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló dẹ́rù bà mí.

#6 Ọmọ_Alárè
Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Abẹ́rẹ́ náà tuntun ni, mo rí i nígbà tó já a. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kó ìpayà bá mi. Ní lábù àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ tó gún mi níka ń fi fóònù ṣàríyá pẹ̀lú ẹnì kan, ó ju bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ mi sí sórí tábìlì níwájú mi ó sì jáde. Èmi nìkan wá dákẹ́ síbẹ̀ tí mò ń wò ó. Ìlà pupa kan jáde. Mo ní háà, ó ti jáde! Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún màmá mi. Ìgbà tó padà dé ló ní “nẹ́gátíìfù, ẹ san owó.” Kò tiẹ̀ wò mí lójú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà á gbọ́.

#7 Ìkòkòrẹ́_Àná
Ìlà kan lo rí tó o fẹ́ pín ogún 😭😭

#8 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Ìkòkòrẹ́ má rẹ́rìn-ín, wọn ò ṣàlàyé fún un ni. Ìlà kan yẹn, ìlà tó ń sọ pé bébà náà ṣiṣẹ́ ni. Tí kò bá jáde rárá, bébà náà ti bàjẹ́, wọ́n ní láti mú òmíràn. Tó bá jẹ́ pé ìlà méjì ló jáde, wọn kì í tíì sọ pé o ní i síbẹ̀, wọ́n á fi oríṣi bébà mìíràn tún un wò. Bébà tí wọ́n ń pè ní Determine ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó kà á, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù sórí tábìlì tí wọ́n ń sá lọ.

Àmọ́ ọjọ́ tó o lọ ni kò dáa. Bébà ìka yẹn, ọmọ ogun tí ara ẹ kó jọ láti bá kòkòrò jà ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà fúnra ẹ̀, ara sì máa ń lo àkókò kó tó kó ọmọ ogun jọ. Láàárín ọjọ́ 23 sí 90 ló tó lè rí i. Èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ látinú iṣan fún, tó ń wo kòkòrò àti ọmọ ogun pọ̀, láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Torí náà ti ọjọ́ kẹfà yẹn, owó lo lọ fi ṣòfò. Tìẹ yìí ò tiẹ̀ nílò tẹ́ẹ̀sì lójú tèmi, àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló máa jẹ́ kó o sùn, dúró kí ọjọ́ 45 pé, lọ sí ọsibítù ìjọba, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ níṣan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe ti HIV ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Má lọ mọ́.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń kà á láìsọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀: tó bá wá jẹ́ pé ó wọlé lóòótọ́, láìsí rọ́bà, tàbí rọ́bà bẹ́, tẹ́ ò sì mọ ipò ẹnì kejì, oògùn wà tí wọ́n ń fúnni kí kòkòrò má bàa ríbi dúró. Kó má ju wákàtí 72 lọ, kó tiẹ̀ tètè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa, ọjọ́ 28 lẹ ó fi lò ó. Ampiclox kọ́ o.

O ò tíì dá mi lóhùn nípa ara yíyún.

#9 Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa gbogbo èèyàn ló gbà pé tí kò bá ti wọlé, kò sí wàhálà. Wọ́n á ní “àwa kàn ṣeré ni.” Ẹnu ńkọ́ mà? Mò ń bi yín fún ọ̀rẹ́ mi kan.

#10 Ìkòkòrẹ́_Àná
Ẹ kí ọ̀rẹ́ ẹ fún wa.

#11 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, ìbéèrè tó gbọ́n jù nínú ìjíròrò yìí nìyẹn.

HIV látẹnu, ó kéré débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Àmọ́ HIV nìkan kọ́ ló wà láyé! Ohun tí mò ń bá àwọn ọmọ Àgọ́ jà lé lórí nìyẹn. Wọ́n á bẹ̀rù kìnnìún tí kò sí nínú igbó yẹn, wọ́n á wá fẹsẹ̀ lásán tẹ ejò. Àtọ̀sí lè wọ ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni kò ní dùn ẹ́, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìwọ á máa rò pé ọ̀fun lásán ni. Sífílíìsì, ojú egbò ló ń gbà: tí egbò ẹnì kan bá wà létè, ètè náà ló máa gbà mú ẹ, ìbáà jẹ́ ìfẹnukonu lásán. Ọgbọ́n burúkú tó wà nínú egbò yẹn ni pé kì í dunni. Ó lè yọ ní bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tẹ́ ẹ pàdé, nígbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ 90, á wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jinná fúnra ẹ̀, o ó ní Ọlọ́run ti wò ẹ́ sàn, kò sì tíì lọ ibì kan. Ó ti wọnú ni. Nígbà tó bá padà yọjú, ó lè sú sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ló ń wò ó, àmọ́ ẹni tó ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gún un fún.

Hẹ́pẹ́sì náà ń bẹ. Ìyẹn, awọ kan awọ ti tó. Rọ́bà ń dín in kù, kò lè dí gbogbo ẹ̀, torí ibi tí rọ́bà ò bò pọ̀.

#12 Ẹni_Tó_Dákẹ́
Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ hẹ́pẹ́sì yìí ló mú mi yọjú. Obìnrin ni mí, mo ń tajà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni mo ti kó o, a ò tíì bá ara wa sùn rí, èmi ni mo ní ká dúró. Ó ní egbò kékeré kan létè tó máa ń wá tó máa ń lọ, ó ní òòru inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fẹnu kàn mí nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́jọ́ kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ó wú, omi kún inú ẹ̀ bí ìgbà tí iná jóni, mi ò lè jókòó sórí àpótí nídìí igbá ọjà mi, mo ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Tí mo bá fẹ́ tọ̀, màá kọ́kọ́ sunkún ná.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ rí mi, mi ò ní sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, pe ẹlòmíràn wá wò mí, àwọn méjèèjì wá ń wojú ara wọn. Mo sọ fún wọn pé a ò ní àjọṣe kankan, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta rèé. Ó máa ń padà wá tí àárẹ̀ bá mú mi tàbí tí mi ò sùn dáadáa, àmọ́ kò le bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Mo ní oògùn tí mò ń lò tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé a dúró. Èmi mọ̀ pé a dúró.

#13 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn ni ò mọṣẹ́. Òtítọ́ lẹ sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń ràn. Egbò ètè yẹn, oríṣi kìíní kòkòrò hẹ́pẹ́sì ló sábà máa ń fà á, àwọn tó ní i láyé yìí lé ní bílíọ̀nù 3, ọ̀pọ̀ ló ti kó o láti kékeré, níbi tí àǹtí tàbí bọ̀ọ̀dá kan ti fẹnu ko wọ́n lẹ́nu. Torí náà kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin yẹn ń rìnkurìn. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí egbò wà níta, kò yẹ kó fẹnu kan ẹnikẹ́ni. Acyclovir ló ń dín in kù, kì í lé e lọ pátápátá. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ọsibítù tẹ́ ẹ bá lóyún o, ó ṣe pàtàkì fún ọmọ nígbà ìbí.

#14 Ọmọ_Ìjọ_Rẹ́mọ
Arábìnrin, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lókè. Mi ò mọ̀ pé ó lè rí báyìí.

#15 Ìyá_Òkè_Ajé
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ ìwé púpọ̀, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá sí ilé ìwé ọmọ mi obìnrin nígbà kan wọ́n ní àwọn fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, mo ní rárá, kí ni ọmọ ọdún 11 ń ṣe pẹ̀lú ìyẹn, ṣé wọ́n fẹ́ kó máa wá ọkùnrin ni. Kí ló kan ara kan ara?

#16 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Màmá, ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. HPV ni wọ́n ń pe kòkòrò yẹn, awọ ara ló ń gbé, kì í dúró dìgbà tó bá wọlé, abẹ́ kan abẹ́ ti tó, ọwọ́ pàápàá wọ́n ní ó ṣeé ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti bá èèyàn lò pọ̀ ló máa kó o lọ́jọ́ kan, ara sì máa ń lé e lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọdún 2. Àwọn oríṣi mìíràn ń yọ wọ́ńwọ́ńwọ́n sí abẹ́. Àmọ́ oríṣi 16 àti 18, tí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò lọ, àwọn ló ń fa bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Ògùn wa yìí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Ìdí tí wọ́n fi ń gún un kí ọmọ tó mọ nǹkan ni pé, tí kòkòrò bá ti wọlé, abẹ́rẹ́ yẹn ò lè lé e jáde. Bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn ni, kí olè tó dé la ń kàn án. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù alábọ́dé tó wà nítòsí yín, ẹ bi wọ́n.

#17 Ìyá_Òkè_Ajé
Ó ti pé 13 báyìí. Lọ́jọ́ Ajé màá mú un lọ.

#18 Bàbá_Ìpẹru
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, àgbà ni mí, ẹ ó fara dà á.

Oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, dókítà ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ló jókòó níwájú àwọn oníròyìn tó sọ pé éèdì ló pa àbúrò òun. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n ti bí Olikóyè, ọdún 1927, nígbà tí bàbá wọn ń ṣe olórí Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School. Ìgboyà ńlá ni. Ìdílé wo ló ń jẹ́ irú ìyẹn lẹ́nu nígbà yẹn? Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ní àdúgbò wa ni mo fẹ́ sọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé klípà tiwọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ wọn ò bọ èèyàn tó bá rù lọ́wọ́ mọ́. Ọkùnrin kan wà nínú ọgbà wa, kápẹ́ńtà, ó rù, ó rù títí ṣòkòtò ẹ̀ ò dúró nídìí ẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ilé ya abọ́ tánganran kan sọ́tọ̀ fún un, abọ́ funfun tó ní bèbè búlúù, wọ́n so owú pupa mọ́ ọn kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Wọ́n á fi gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sá. Kápẹ́ńtà yìí mọ ìtumọ̀ owú yẹn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń fi èékánná tú u.

Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń jẹrà ni wọ́n tó mọ̀. Èmi náà wà nínú àwọn tí kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o, mi ò yọ ara mi.

#19 Ọmọ_Sábọ́
Bàbá, ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi ń ra obì ní Ṣágámù. Mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń bímọ, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mo ní hẹ́pátáítìsì B, àrùn ẹ̀dọ̀ nì. Látìgbà náà ìyàwó mi ò jẹ́ kí n fẹnu kan ọmọ, ó ya síbí mi sọ́tọ̀. Ó ní ó gbọ́ pé itọ́ ló ń gbà.

#20 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Kó dá síbí padà. Kì í ran nípa ká jọ jẹun, ká jọ mu omi nínú ife kan, ká dì mọ́ra, ká wúkọ́. Ẹ̀jẹ̀ àti omi abẹ́ ló ń gbà. Àmọ́ o, ó le ju HIV lọ níta ara, ó lè wà láàyè lórí nǹkan fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, torí náà bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná, ìyẹn ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ ti ń ya síbí sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ sì jọ ń lo bíléèdì kan? (Mo mọ ilé tí mo ti rí i.) Kí ìyàwó ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, tí kò bá ní i kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni láàárín oṣù 6. Kẹ́ ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ náà, ó yẹ kó ti wà níbẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ, má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí dókítà máa wo ẹ̀dọ̀ ẹ, má sì mu àgbo ẹ̀dọ̀ kankan.

#21 Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Mà, ọ̀rẹ́ mi tún ní kí n bèèrè, ṣé oyún lè wọlé láìwọlé?

#22 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé tí àtọ̀ tútù bá dà sí ẹnu ọ̀nà gan-an, tàbí tí ọwọ́ gbé e débẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀, kò wọ́pọ̀ àmọ́ a ti rí i. Tó bá dà sórí aṣọ tàbí itan, rárá.

Ọmọ_Alárè! Ara tó ń yún ẹ! O ti ka gbogbo èyí tán o ò dá mi lóhùn.

#23 Ọmọ_Alárè
Ẹ má bínú Àǹtí, ẹ̀rù ló ń bà mí láti wò ó dáadáa. Ó ń yún mi láàárín ìka ọwọ́, lọ́rùn ọwọ́, lábẹ́ abíyá, yí ìdodo ká àti níbi tí bẹ́líìtì máa ń wà. Mo rí àwọn ìlà tíntínrín kan láàárín ìka mi bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà á. Lọ́sàn-án ó mọ níwọ̀n, àmọ́ tí mo bá ti dùbúlẹ̀, tí ara mi ti móoru lábẹ́ aṣọ ìbora, màá fẹ́ họ ara mi títí ẹ̀jẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń gbé. Lánàá mo rí òun náà tó ń họ ikùn.

#24 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Mo ti mọ̀ láti àná! Kúrúnà ni, àbúrò mi. HIV kọ́. Kòkòrò kan tó kéré débi pé ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, ó ń yé ẹyin síbẹ̀, ìlà tó o rí yẹn ni ojú ọ̀nà ẹ̀. Ká bọra lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ràn án, kí ara kan ara pẹ́ ló ń fẹ́, ká jọ sùn mọ́jú fún àpẹẹrẹ. Ẹni tí kò bá ní i rí, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. O ní ọ̀sẹ̀ 5. Ìwọ gan-an ti ka ọjọ́ náà fún wa.

Nǹkan tó o kó nílẹ̀ yẹn rèé. O kó nǹkan lóòótọ́!

Lọ sí ọsibítù kí wọ́n fojú rí i, tí wọ́n bá fún ẹ ní benzyl benzoate, oògùn olómi funfun nì, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ lo ó fi pa, àárín ìka, abẹ́ èékánná, abẹ́ gbogbo, kó wà lára ẹ fún wákàtí 24 kó o tó wẹ̀. Ó máa ta ẹ́ níbi tó o ti họ. Àbúrò ẹ náà, lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, omi gbígbóná, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í mọ́ inú ọ̀rá fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò náà kì í lò ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ tí kò bá sí lára èèyàn. Á ṣì máa yún ẹ fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tó ti kú, má tún sáré wá bá mi pé HIV ni. Kó o sì pe ọmọbìnrin yẹn.

#25 Ọmọ_Alárè
Kí n pè é kí n ní kí ni??

#26 Ìkòkòrẹ́_Àná
“Ẹ ǹlẹ́ ìfẹ́ mi, ṣé ara ń yún ẹ?”

#27 Ọmọ_Alárè
(Lẹ́yìn ọjọ́ 12)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kúrúnà ni lóòótọ́, dókítà ò tiẹ̀ lò tó ìṣẹ́jú kan, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìka mi ó ní “ìwọ àti ta?” Oògùn yẹn ta mí bí ẹni fi ata rodo wẹ̀, èmi àti àbúrò mi ń jó káàkiri pálọ̀ láìwọ̀ṣọ. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ níṣan mi lọ́jọ́ kẹtàdínláàádọ́ta, kò sí HIV, kò sí sífílíìsì, kò sí hẹ́pátáítìsì. Wọ́n ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ hẹ́pátáítìsì B, mo ti gba àkọ́kọ́.

Mo pe ọmọbìnrin náà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní àbúrò òun tó wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí ló gbé e wálé nígbà ọlidé Iléyá, gbogbo ilé wọn ló ti ń họra, òun rò pé ọṣẹ tuntun ni. Mo sọ nípa tẹ́ẹ̀sì tí mo ń lọ ṣe kiri, ó bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ti lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi.

#28 Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù
Ṣé gbogbo ilé wọn ti fi oògùn náà pa ara báyìí? Tí ẹnì kan bá ṣẹ́kù, á tún dé ọ̀dọ̀ ẹ.

#29 Ọmọ_Alárè
Ó ku màmá wọn àgbà, wọ́n ní àwọn ò lè bọ́ṣọ níwájú ọmọdé. Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà ní tó bá di Sátidé tí wọn ò bá gbà, òun ò ní lè wá.

#30 Ìkòkòrẹ́_Àná
Sátidé kẹ̀? Ẹ bá wa bẹ màmá àgbà o 😂